Ìdíje Tí Kò Ní Ọjọ́, Ìkórìíra Ló Ń Bí

Ọmọkùnrin méjì ni Ọlọ́run fi ta mí lọ́rẹ. Santasi ni ilé wa wà, ní ìlú Kumasi, kò jìnnà sí oríta ńlá tí ọkọ̀ trotro ti máa ń tò lọ súà láàárọ̀. Ẹ̀gbọ́n wà ní Opoku Ware School, tí ẹsẹ̀ lásán lè gbé e dé láti ilé. Àbúrò wà ní Prempeh College, ní Sofoline. Kì í ṣe èmi ni mo yà wọ́n sọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà ìjọba ló pín wọn. Nígbà tí èsì jáde, mo jó. Òbí wo ni kò ní jó? Ilé-ẹ̀kọ́ méjì tí gbogbo ilẹ̀ Asante fi ń yangàn ni àwọn ọmọ mi bọ́ sí. N kò mọ̀ pé ogun ni mo gbà wọ inú ilé.

Ní ìsinmi tó kọjá, mo se ìrẹsì ní ọjọ́ Àìkú kan, mo sì bù ú sínú abọ́ ńlá kan ṣoṣo fún àwọn méjèèjì, bí mo ti máa ń ṣe láti kékeré wọn. Àbúrò wo abọ́ náà, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní, “Mọ̀ọ́mì, ẹ má bínú, èmi kì í bá ọmọ Santasi jẹun.” Ó kọ́kọ́ dà bí àwàdà. Àmọ́ ọmọ yìí kò pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Brọ̀dá mọ́ láti ìgbà tí ìsinmi ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n náà dá a lóhùn. N kò ní kọ ohun tó sọ síbí, nítorí ọmọ ọlọ́mọ lè ka á. Kí n tó gbé ṣíbí kalẹ̀, àga ti ṣubú.

Nígbà tí wọ́n jókòó padà, mo bi wọ́n ní ìbéèrè kan. Mo ní, “Ìgbà wo ni ilé-ẹ̀kọ́ ẹ̀yin méjèèjì pàdé kẹ́yìn, ẹ̀yin méjì nìkan, lórí pápá kan, ní ọjọ́ kan tí gbogbo yín ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ tí ẹ sì ti ń retí?” Ẹ̀gbọ́n ní ìdíje sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Mo ní ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́ta ló ń wà lórí pèpéle yẹn, kì í ṣe méjì. Àbúrò ní Inter-co. Mo ní ogunlọ́gọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ló ń sá eré ìje níbẹ̀. Àwọn méjèèjì dákẹ́.

Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló mú mi kọ̀wé yìí. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ṣòro: a ti fi ìdíje lé àwọn ọmọ wọ̀nyí lọ́wọ́, a kò sì fún wọn ní ọjọ́ tí wọn yóò bá ara wọn díje. Ìdíje tí kò ní ọjọ́ kì í kú, ọ̀tá ló ń dà. Àwọn tó ń pariwo pé kí a fòpin sí ìdíje láàárín àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ń ju omi àti ọmọ nù pọ̀. Ohun tí a nílò kì í ṣe kí wọ́n dín bí wọ́n ṣe ń pàdé kù. Kí wọ́n máa pàdé dáadáa ni.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ìtàn. Prempeh College ni ẹ̀gbọ́n. Ọdún 1949 ni Asantehene Sir Osei Agyeman Prempeh Kejì, pẹ̀lú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àti ìjọ Presbyterian, dá a sílẹ̀. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní 1952, ìjọ Kátólíìkì dá Opoku Ware School sílẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ Asantehene Opoku Ware Kìíní sọ ọ́, jagunjagun ọba tó ti jẹ ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Orúkọ Asantehene méjì ni ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì ń jẹ́. Ìlú kan náà ni wọ́n wà, ọmọkùnrin ni wọ́n ń gbà, ọ̀pọ̀ ilé ní Kumasi sì ní ọmọ tàbí ìbátan ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde Prempeh ń pe ara wọn ní Amanfoo, àwọn ti Opoku Ware ń pe ara wọn ní Akatakyie. Tí Amanfoo kan bá pàdé Akatakyie kan ní ilé ìfowópamọ́ ní Accra tàbí ní ilé ìwòsàn ní London, wọn á kọ́kọ́ fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ ná, kí wọ́n tó dìrọ̀ mọ́ra. Ìdíje tọmọ ìyá ni. Kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀. Ọmọ tí kò ní ẹni tí yóò fẹ́ jù lọ kì í mọ bí agbára rẹ̀ ti tó.

Níbo wáá ni wọ́n ti ń díje lónìí? Ẹ wo ìdíje sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò tí gbogbo Ghana ń pè ní NSMQ. Prempeh ló gba ife rẹ̀ àkọ́kọ́ ní 1994. Wọ́n tún gbà á ní 1996, 2015, 2017 àti 2021. Opoku Ware gbà á ní 1997 àti 2002. Márùn-ún sí méjì. Nọ́ńbà yìí ni àwọn ọmọ Sofoline ń fi gún àwọn ọmọ Santasi lójú lójoojúmọ́. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa. Ní àṣekágbá 2021, Presec Legon àti Keta ni Prempeh bá dúró lórí pèpéle, Opoku Ware kò sí níbẹ̀. Ní àṣekágbá 2023, Presec àti Achimota ni Opoku Ware bá dúró, Prempeh kò sí níbẹ̀. Presec ló sì gbé ife yẹn lọ. Síbẹ̀, lálẹ́ ọjọ́ náà, ayọ̀ ṣẹlẹ̀ ní Sofoline nítorí pé Santasi pàdánù. Ilé mi ni mo ti rí i, lójú àbúrò, kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún mi. Ọmọ tí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò ṣẹ́gun ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ yẹn ló ń jó yí pálọ̀ ká.

Ìyẹn ni mo ń pè ní àrùn. Nígbà tí ènìyàn bá bá ọ jà tó sì dá ọ, o lè bọ̀wọ̀ fún un, nítorí o ti mọ bí ọwọ́ rẹ̀ ti wúwo tó. Ṣùgbọ́n nígbà tó jẹ́ pé ẹlòmíràn ló dá ọ, tí ẹni yìí kàn jókòó sílé tó ń fi ọ́ rẹ́rìn-ín, kí ni o fẹ́ bọ̀wọ̀ fún? Èébú nìkan ló kù láàárín yín. Fóònù sì ti jẹ́ kí èébú rọrùn ju omi mímu lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lè bú ẹgbẹ̀rún kan ọmọ tí kò rí rí, láì kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

Èkejì ni Inter-co. Mo ti wà níbẹ̀ rí, ní pápá kan tí n kò ní dárúkọ, ní ọdún kan tí kò tíì pẹ́. Mo lọ wo àkọ́bí mi tó ń sá eré. Ilé-ẹ̀kọ́ kún ibẹ̀ bí eèrà, oòrùn ń jó, omi wọ́n, kò sí ẹni tí ó gba ẹnikẹ́ni lálejò. Nígbà tí eré parí, òkò bẹ̀rẹ̀ sí í fò láàárín àwọn bọ́ọ̀sì. Kì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn ilé-ẹ̀kọ́ méjì tí mo ń sọ̀rọ̀ wọn ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, n kò sì ní dárúkọ èyí tó jẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn agolo ìdọ̀tí kan pẹ̀lú ìyá kan tí n kò mọ̀ rí, a di ọwọ́ ara wa mú bí ẹni tó ti mọra láti ogún ọdún. Nítorí náà, kò sí ẹni tó lè sọ fún mi pé n kò mọ ohun tí àwọn tó fẹ́ fòpin sí eré wọ̀nyí ń bẹ̀rù. Mo mọ̀ ọ́n. Mo kàn mọ̀ pẹ̀lú pé wọ́n ń tọ́jú egbò ọwọ́ nípa gígé apá.

Ẹ bi ara yín: kí ló mú òkò yẹn jáde? Ogunlọ́gọ̀ ọmọ tí kò mọra, ọjọ́ kan ṣoṣo, àwọn bọ́ọ̀sì tó ń dúró, kò sì sí onílé. Níbi tí kò ti sí onílé, kò sí àlejò. Níbi tí kò sì ti sí àlejò, ta ni ojú yóò tì?

Àwọn baba wa mọ ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú wa. Ní Ìbàdàn, lọ́dọọdún ní oṣù Kẹta, wọ́n ń ṣe ọdún Òkèbàdàn. Lọ́jọ́ náà, wọ́n á tú èébú síta. Ọmọdé lè kọrin bú àgbà, aládùúgbò lè sọ ohun tí ètí kò gbọdọ̀ gbọ́, kò sì sí ẹni tó gbọdọ̀ bínú. Tí ilẹ̀ ọjọ́ náà bá ṣú, ó parí. Ẹni tó bá bú ènìyàn bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ìjà ló ń wá. Ẹ má sì rò pé Yorùbá nìkan ló ní ọgbọ́n yìí. Ní Techiman àti Wenchi, ní apá àríwá Kumasi níbí, ọdún Apoo wà. Lákòókò Apoo, ará ìlú lè sọ àṣìṣe ìjòyè sí i lójú, láìsí ìyà. Àwọn Bono àti àwọn ará Ìbàdàn kò bá ara wọn ṣèpàdé kí wọ́n tó mọ̀ pé ìbínú dà bí omi òjò: tí o kò bá la ojú ọ̀nà fún un, inú yàrá ni yóò gbà. Wọn kò sọ pé kí ènìyàn má bínú. Wọ́n fún ìbínú ní ọjọ́.

Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ayé ti ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kíríkẹ́ẹ̀tì sì ni wọ́n lò. Ní Colombo, ní orílẹ̀-èdè Sri Lanka, Royal College àti S. Thomas' College ti ń bá ara wọn gbá kíríkẹ́ẹ̀tì lọ́dọọdún láti 1879. Ní ọdún àkọ́kọ́, àwọn olùkọ́ wà nínú ẹgbẹ́. Láti 1880, àwọn ọmọ nìkan ni. Ogun àgbáyé méjì jà, wọn kò dáwọ́ dúró. Òyìnbó kó ẹrù rẹ̀ lọ, wọn kò dáwọ́ dúró. Asà tí wọ́n ń dù ń jẹ́ orúkọ D. S. Senanayake, olórí ìjọba àkọ́kọ́ lẹ́yìn òmìnira wọn, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ọmọ S. Thomas'. Ọjọ́ mẹ́ta ni eré náà ń gbà. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn eré wọ̀nyí ló parí láìsí olùborí. Ọjọ́ mẹ́ta, oòrùn, orin, ìlù, àwọn baba arúgbó tó wá láti òkè òkun, kí eré sì parí sí ọ̀mì. Wọn á palẹ̀ mọ́, wọn á ní ó di ọdún tó ń bọ̀.

N kò sọ pé áńgẹ́lì ni wọ́n. Ní ọ̀sẹ̀ eré náà, àwọn ọmọ máa ń gun ọkọ̀ akẹ́rù àti kẹ̀kẹ́ káàkiri Colombo, wọn a dí ọ̀nà, ọlọ́pàá a sì máa kìlọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n gbogbo ìlú mọ ọ̀sẹ̀ tí yóò ṣẹlẹ̀. Wàhálà tó ní ọjọ́, ènìyàn lè múra sílẹ̀ dè é.

Ní England, ilé-ẹ̀kọ́ Eton àti Harrow ti ń ṣe tiwọn láti 1805. Ní 2022, ẹgbẹ́ MCC tó ni pápá Lord's ní òun fẹ́ mú eré náà kúrò níbẹ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sì yarí títí wọ́n fi dá a padà. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ọlọ́rọ̀ ni, kò sì ká mi lára bóyá Lord's ni wọ́n ti gbá a. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ọjọ́ tó ti pẹ́ máa ń ní àwọn tí yóò jà fún un. Ta ni yóò jà fún ọjọ́ tí kò sí?

Kí ló dé tí mo fi yan kíríkẹ́ẹ̀tì, nígbà tí gbogbo Ghana ń gbá bọ́ọ̀lù? Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fojú rí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gbá kíríkẹ́ẹ̀tì ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ìbàdàn, kí bàbá wa tó kó wa padà wá sí Kumasi. Ẹgbẹ́ méjì, ọmọ mọ́kànlá mọ́kànlá. Àwọn kan ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù, àwọn kejì ń jù ú, wọ́n sì ń lé e. Èmi kékeré kò lóye rẹ̀, ó sú mi. Ohun kan ṣoṣo ni mo rántí dáadáa. Nígbà tí oòrùn dé àtàrí, eré dúró. Kò tíì parí, kò tíì sí ẹni tó mọ ẹni tí yóò borí. Àwọn ọmọ méjìlélógún náà bọ́ fìlà, wọ́n wọ inú yàrá ìjẹun, wọ́n sì jọ jẹ ẹ̀bà. Onílé ló bu oúnjẹ fún àlejò. Lẹ́yìn náà, wọ́n padà sórí pápá, wọ́n sì tún kojú ara wọn. Mo bi ìyá mi pé, “Ṣé wọ́n ti parí ìjà ni?” Ó ní, “Rárá o, ebi ló ń pa wọ́n.”

Ọmọ kan nínú àwọn àlejò ọjọ́ yẹn ló dúró ti ẹ̀gbọ́n mi níbi ìgbéyàwó rẹ̀, lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlá. Tí wọ́n bá pàdé títí di òní, wọ́n ṣì ń jiyàn lórí bóyá adájọ́ eré ṣe ojúsàájú.

Ìdí tí mo fi yan kíríkẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ gba wákàtí méjì, ariwo ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àwọn tó pàdánù a sì bọ́ sínú bọ́ọ̀sì pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ gbígbóná. Kíríkẹ́ẹ̀tì gùn. Oúnjẹ wà ní àárín rẹ̀. Ìbínú a máa rẹ ènìyàn nínú eré tó bá gba odindi ọjọ́ kan.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní eré òyìnbó amúnisìn ni, a ti bọ́ lọ́wọ́ wọn, kí ló kù tí a ń wá lọ́dọ̀ wọn? Ó ní òótọ́ nínú. Ní ayé ìjọba amúnisìn, àwọn òyìnbó ní ẹgbẹ́ tiwọn, adúláwọ̀ ní tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ orí koríko kan náà ni wọ́n ń tẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́. Ìdíje sáyẹ́ǹsì tí ẹ ń fi ọkàn sí, èdè wo ni wọ́n fi ń bi ìbéèrè? Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tí ẹ ń sunkún lé lórí, ta ló gbé e wá? Ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ńkọ́, pẹ̀lú agogo àti aṣọ kan náà? Ọ̀nà tí nǹkan gbà wọlé kọ́ ló ṣe pàtàkì jù, bí kò ṣe ohun tí a fi í ṣe. Láti 1904 ni Lagos àti Gold Coast ti pàdé lórí pápá kíríkẹ́ẹ̀tì, ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó máa jẹ́ ọmọ Nàìjíríà tàbí ọmọ Ghana nínú ìwé ìrìnnà. Ní oṣù Kìíní 2025, àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà tí kò tíì pé ogún ọdún na New Zealand pẹ̀lú ayò méjì péré ní ìdíje àgbáyé ní Malaysia. Ẹ lọ sọ fún àwọn ọmọbìnrin yẹn pé eré àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n gbá.

Tí kíríkẹ́ẹ̀tì bá ṣì ń kọ́ yín lọ́rùn, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ yan họ́kì, ẹ yan ohun tó wù yín. Ohun tí n kò ní fi sílẹ̀ ni nǹkan mẹ́ta: ọjọ́ kan tí kì í yẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ méjì péré, àti oúnjẹ ní àárín.

Ẹlòmíràn yóò ní kò sí àyè. Mo mọ̀ pé àyè há. Láti 2017 tí ìjọba ti sọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga di ọ̀fẹ́, ọmọ pọ̀ ju yàrá lọ. Ní 2018, wọ́n pín àwọn ọmọ sí ìpín méjì tó ń gba ara wọn sílé, tí àwọn kan bá wà nílé-ẹ̀kọ́, àwọn kan á wà nílé. Olùkọ́ ni mí, mo mọ bí ètò yẹn ti da kàlẹ́ńdà rú. Ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tí ọjọ́ kan ṣoṣo tí kì í yẹ̀ fi ṣe pàtàkì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọmọ tí kò mọ ìgbà tí yóò wọlé tàbí tí yóò jáde nílò ohun kan tí yóò dúró níbi tó wà. Ọjọ́ Sátidé kan ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún, nínú ọjọ́ 365.

Ní ti owó, ẹ má jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín. Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde tó lè ra bọ́ọ̀sì fún ilé-ẹ̀kọ́ lè ra igi, bọ́ọ̀lù àti ìkòkò ọbẹ̀. Tí ilé-ẹ̀kọ́ bá gba ife ìdíje sáyẹ́ǹsì, a máa ń rí bí ọkọ̀ ṣe ń tò tẹ̀ lé wọn, tí fèrè ń dún káàkiri Kumasi. Kí a mú ìdá díẹ̀ nínú owó epo yẹn.

Ẹ̀yin Amanfoo, ẹ̀yin Akatakyie, ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ bá wí. Ẹ̀yin lẹ kọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí ní èébú, nítorí pé fún yín ó ti di àwàdà. Ẹ̀yin ti lọ sí yunifásítì pọ̀, ẹ ti bá ara yín ṣiṣẹ́, ẹ ti fẹ́ àbúrò ara yín. Tí ẹ bá bú ara yín, ogójì ọdún ìbákẹ́gbẹ́ wà lábẹ́ èébú náà. Àwọn ọmọ yìí kò ní ohunkóhun lábẹ́ tiwọn. Ẹ fún wọn ní ata, ẹ kò fún wọn ní ẹran. Bí ẹ̀yin àgbà bá tilẹ̀ ń pàdé gbá bọ́ọ̀lù kí ikùn lè fà, tiyín nìyẹn. Tàwọn ọmọ dà?

Mo ní ìdí kan tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń dùn mí ju bó ti yẹ lọ. Bàbá mi, ọmọ Ẹ̀jìgbò, ta ọjà ní Kumasi Central Market. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní kí àjèjì tí kò bá ní ìwé jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Bàbá mi máa ń sọ pé ẹnu ya òun sí bí àwọn tí wọ́n ti ń kí òun láàárọ̀ fún ọdún mọ́kànlá ṣe yí ojú padà. Wọ́n mọ̀ ọ́n ní “Alata,” wọn kò mọ̀ ọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá a pa ẹrù rẹ̀ mọ́, tó sì dá gbogbo rẹ̀ padà fún un nígbà tó padà wá, Asante ni, aládùúgbò tí wọ́n ti jọ ń jẹ fùfú ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Ní 1983, ó wá kan àwọn ọmọ Ghana ní Èkó. Àwa náà mọ̀ wọ́n ní orúkọ kan ṣoṣo, a sì sọ báàgì wọn ní orúkọ náà.

Mo mọ̀ pé ilé-ẹ̀kọ́ méjì kì í ṣe orílẹ̀-èdè méjì, ẹ má sọ pé mo sọ eku di erin. Ṣùgbọ́n ibi kékeré ni ènìyàn ti ń kọ́ bí a ṣe ń sọ “àwọn yẹn.” Ọmọ tó kọ́ ọ ní ọdún mẹ́rìndínlógún, pé òun kì í bá irú àwọn yẹn jẹun, mo ti mọ ibi tí ẹ̀kọ́ yẹn lè gbé e dé tó bá di àgbà tó sì ní àṣẹ lọ́wọ́.

Nítorí náà, ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde wọn rèé. Kí ọjọ́ Sátidé tó bá tẹ̀ lé ọjọ́ òmìnira, ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹta, di ọjọ́ Santasi àti Sofoline. Kí eré wà ní Santasi lọ́dún kan, kí ó wà ní Sofoline lọ́dún kejì. Kí onílé dáná, kí àwọn tó ń ṣeré jọ jókòó pọ̀ ní ọ̀sán, ọmọ Opoku Ware kan, ọmọ Prempeh kan, tẹ̀ léra wọn yí tábìlì ká. Kí àwọn olórí akẹ́kọ̀ọ́ onílé fúnra wọn sin àwọn àlejò dé ẹnu bọ́ọ̀sì. Tí òkò kan bá fò, onílé ni ìtìjú bá. Kí àwọn agbẹ́gilére Ahwiaa gbẹ́ asà kan, kí wọ́n máa kọ ọdún àti èsì sí i lára, títí kan ọdún tí kò bá sí olùborí. Kí àwọn ọmọbìnrin St. Louis àti ti Yaa Asantewaa náà ní tiwọn, nítorí kò sí òfin tó ní ọkùnrin nìkan ló ń bínú.

Àwọn ọmọ yóò ṣì máa bú ara wọn. Mo fẹ́ kí wọ́n bú ara wọn. Ṣùgbọ́n èébú náà yóò ní ojú, yóò ní orúkọ: ọmọ tó ju bọ́ọ̀lù tó dá igi mi, ọmọ tó gba ẹran kejì nígbà tí a jọ jẹun.

Nígbà tí mo ka ìwé yìí sí àwọn ọmọ mi létí, àbúrò ní kíríkẹ́ẹ̀tì kò dùn. Ẹ̀gbọ́n ní, “Mọ̀ọ́mì, tí wọ́n bá wá nà wá ńkọ́, nílé wa níbí?” Mo ní ẹ ó bu oúnjẹ fún wọn, ẹ ó sin wọ́n dé bọ́ọ̀sì, ọdún tó ń bọ̀ ẹ ó lọ sí Sofoline. Ó ronú díẹ̀. Ó wá bi àbúrò rẹ̀ pé irú oúnjẹ wo ni wọ́n ń sè ní Prempeh.